Kí Ni Kí N Kọ́kọ́ Náwó Lé Kí Iná Má Bàa Há Èèyàn Mọ́ Ilé Tí Mò Ń Kọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé alájà mẹ́ta ni mò ń kọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ìsàlẹ̀, ìdílé mẹ́rin ni yóò máa gbé òkè rẹ̀, méjì ní àjà kejì, méjì ní àjà kẹta. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ayàwòrán ilé yà sí i. Àárín ilé ló wà, ó ṣí gbayawu láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rẹwà. Ògiri ìsàlẹ̀ ti dé lẹ́ńtù, a ò tíì da dẹ́kìn. Ẹnì kan ní kí n ra fire extinguisher mẹ́fà, kí n fi alarm sí i, ó parí. Ẹlòmíì ní tí kò bá ti sí sprinkler, ẹ̀rọ ara sílíìnì tó ń tú omi sórí iná, asán ni. Owó ọwọ́ mi ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ náwó lé? Ṣé bílọ́ọ̀kù àti kọnkéré tí mo fi ń kọ́ ọ ò tiẹ̀ tó láti dènà iná ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Inú mi dùn gan-an pé ẹ béèrè kí ẹ tó da dẹ́kìn, torí orí àwòrán ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti rọrùn jù láti ṣe. Tó bá jẹ́ pé kọnkéré ti gan ni, àfi ká máa fọ́, ká máa tún un ṣe. Èsì mi rèé: àtẹ̀gùn yẹn àti àwọn ilẹ̀kùn tó já sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Alarm ló tẹ̀ lé e, fire extinguisher ló tẹ̀ lé alarm. Sprinkler dára, mi ò ní bá ẹni tó dámọ̀ràn rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè fi sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọlé tán. Nígbà yẹn, àtẹ̀gùn ò ṣe é gbé kúrò níbi tó wà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tí ẹ fi parí ṣáájú, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ onílé jẹ. Bílọ́ọ̀kù kì í jó, kọnkéré kì í jó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ògiri ló ń jẹ. Ẹrù inú ilé ló ń jẹ: àga oní-fóòmù, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, páálí ọjà, ike, wáyà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, Winecoff lorúkọ rẹ̀ nígbà náà, alájà 15 ni. Wọ́n polówó rẹ̀ pé iná ò lè ràn án rárá. Ní òru ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1946, iná ṣẹ́ níbẹ̀, ẹni 119 sì kú. Ilé náà ò wó. Ó ṣì wà lórí ìdúró títí dòní, hòtẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n sì ń lò ó fún. Kí ló wá pa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn? Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà, kò sì sí ilẹ̀kùn tó lè dá iná dúró láàárín òun àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá àwọn àlejò. Bí iná ṣe dé inú rẹ̀ ni ooru àti èéfín gba ibẹ̀ gòkè. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n gbà sá jáde ni iná gbà wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹ padà lọ ka bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe àtẹ̀gùn tiyín fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé èéfín ló máa ń kọ́kọ́ pani, kí ọwọ́ iná tó débẹ̀. Gáàsì carbon monoxide wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Fóòmù inú àga àti bẹ́ẹ̀dì tún máa ń tú májèlé cyanide jáde bó bá ń jó. Ẹni tó ń sùn kì í tìtorí òórùn èéfín jí. Oorun yẹn ló máa ń sùn lọ. Èéfín gbígbóná á kọ́kọ́ lọ sókè, á tẹ́ sábẹ́ sílíìnì, á wá máa nípọn, á máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi dé ibi tí imú èèyàn wà. Bí ooru abẹ́ sílíìnì bá ti dé nǹkan bíi 600°C, gbogbo ohun tó lè jó nínú yàrá náà á gbaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn pánápaná ń pè é ní flashover, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jáde láàyè nínú yàrá tí ó bá ti ṣẹlẹ̀. Nínú yàrá tí àga oní-fóòmù àti ike kún inú rẹ̀, àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ kó tó débẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ti ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó lajú.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì MGM Grand ní Las Vegas, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ìsàlẹ̀ ni iná ti jó. Ẹni 85 kú, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní àwọn àjà òkè pátápátá, níbi tí iná ò dé rárá. Ojú àtẹ̀gùn, ihò ẹ̀rọ agbéniròkè àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni èéfín gbà lọ bá wọn. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ ilé tiyín, ìdílé ló wà lókè. Ibi tí ẹrù tó lè jó pọ̀ sí jù, tí kò sì sí èèyàn níbẹ̀ lóru, abẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ń sùn ló wà.

Nítorí náà, àtẹ̀gùn yẹn gbọ́dọ̀ di yàrá tirẹ̀. Ẹ fi bílọ́ọ̀kù yí i ká láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ òrùlé, ẹ rẹ́ ògiri rẹ̀ níta níwọ̀n bí ẹ ṣe rẹ́ ẹ nínú, kí ilẹ̀kùn sì wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ já síta gbangba fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ sí ilẹ̀kùn kankan láti inú ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú rẹ̀, kódà kí ó jẹ́ kékeré, kódà kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé olùṣọ́ọ̀bù á fẹ́ ẹ, á ní kí òjò má baà pa òun. Ẹ má gbà fún un. Lókè pátápátá, ẹ fi fèrèsé tàbí ihò tó ṣe é ṣí sí i, èyí tí àyè rẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, kí èéfín tó bá yọ́ wọlé lè ríbi jáde dípò kó máa kórajọ sórí àwọn èèyàn.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, mo máa ní kí ayàwòrán gbé àtẹ̀gùn náà kúrò láàárín ilé, kó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta. Ìyẹn nìkan yanjú ìṣòro mẹ́ta: ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ á wọ ibẹ̀ láti ojú fèrèsé, èéfín á rí ọ̀nà jáde ní àjà kọ̀ọ̀kan, àwọn pánápaná á sì lè wọlé láti ìta láìgba inú ibi tó ń jó kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ayàwòrán náà fajúro díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fajúro. Àtẹ̀gùn tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ̀ lè rẹwà bí ẹni tó yà á bá mọṣẹ́.

Ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ ṣe òfin kan tí ẹ kò ní yẹ̀ fún ayálégbé kankan: kò sí ẹrù lójú àtẹ̀gùn, kò sí ẹrù lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni gbogbo ilé máa ń kó ohun tí kò ríbi gbé sí: sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù oníbátìrì, àga tó ti kán. Bátìrì lithium pàápàá, tí ọ̀kan nínú àwọn hóró inú rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ààlà, á gbé ooru rẹ̀ fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á máa bú gbàù, wọ́n á sì máa tú gáàsì tó ń jó jáde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo ojú àtẹ̀gùn lè kún. Bátìrì ínfátà tàbí ti oòrùn, ẹ kọ́ ilé kékeré fún un níta. Ibẹ̀ náà ni kí àpótí mítà iná wà bí ó bá ṣeé ṣe.

Mo ní kí ilẹ̀kùn wà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí ló máa ń dùn mí jù, torí ohun tó máa ń gba ẹ̀mí là ni, òun náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé kúrò nígbà tí owó bá ń tán. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1958, iná ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels ní Chicago. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àjà abẹ́ ilẹ̀. Ní àjà àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kan wà láàárín àtẹ̀gùn yẹn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wà ní títì. Iná kọjá níwájú rẹ̀, kò lè wọlé. Ní àjà òkè, kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ rárá. Èéfín àti iná tú sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ọmọ 92 àti àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì mẹ́ta tó ń kọ́ wọn ló bá a lọ. Ilé kan náà ni, iná kan náà ni, àtẹ̀gùn kan náà ni.

Ilẹ̀kùn tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Ìyẹn kò ní í pẹ́ rárá tí iná fi máa lu ú. Èyí tó lè dá iná dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú máa ń jẹ́ pákó gidi tó nípọn tó nǹkan bíi 44 mm, híńjì mẹ́ta ló máa ń gbé e dúró. Wọ́n á ti gbẹ́ ojú kan sí etí rẹ̀ yíká, wọ́n á sì ti tẹ okùn pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀. Bí ooru bá kan okùn yẹn, á wú, á dí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ pa. Àlàfo yẹn kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 3 sí 4 mm lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fà á padà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí i níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ fi sílẹ̀. Tí kò bá padà lọ fúnra rẹ̀ kí ẹnu kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì dún "kọ", kò tíì di ilẹ̀kùn iná. Bí ẹ bá sì rí i pé ayálégbé kan fi òkúta tẹ ilẹ̀kùn náà kó lè máa ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, òkúta yẹn ti sọ gbogbo owó tí ẹ ná di òfo. Ẹ gbé òkúta náà kúrò, ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Ẹni tí a bá ṣàlàyé fún kì í sábà dá a padà.

Kódà ilẹ̀kùn yàrá lásán, bó bá wà ní títì, máa ń dá èéfín dúró fún àkókò tó níye lórí. Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yàrá bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Kò gba owó kankan.

Ó kan ihò. Ògiri tó dára jù lọ láyé, bí púlọ́mbà bá lu ihò sí i láti gbé páìpù kọjá tí kò dí i padà, ihò náà ni iná máa bá lọ. Páìpù oníke á yọ́, á fi ihò tó fẹ̀ tó ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá òkè. Àwọn kan á fi fóòmù tó ń wú dí etí rẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á kùn ún, ojú á rí i pé ó mọ́. Fóòmù yẹn fúnra rẹ̀ ń jó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi dí etí páìpù irin. Fún páìpù oníke, ẹ ra ọ̀já tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lábẹ́ dẹ́kìn, èyí tó máa ń wú sínú bí ooru bá kàn án, tí á fún páìpù tó ń yọ́ pa títí ihò náà á fi dí. Fún wáyà, òwú àpáta tí kì í jó ni wọ́n ń kì bọ ibẹ̀, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù tó ń dènà iná bò ó lójú. Bí wọ́n bá parí, ẹ dúró di alẹ́. Ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ gan-an sínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa gbogbo iná òkè, ẹ wá lọ dúró nínú òkùnkùn ojú àtẹ̀gùn àti nínú àwọn yàrá òkè. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọjú sí yín, ibẹ̀ ni èéfín máa gbà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òkè sílíìnì náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ni ògiri tó pín ìdílé méjì níyà máa ń dúró síbi tí sílíìnì bẹ̀rẹ̀, tí òkè rẹ̀ á wá ṣí láti ìdílé kan dé èkejì lábẹ́ òrùlé. Iná tó bá dé ibẹ̀ ti ní ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹ mọ ògiri náà dé abẹ́ páànù, ẹ dí ibi tó ti pàdé páànù pa. Fún sílíìnì fúnra rẹ̀, gypsum board ló dára ju pákó tàbí ike lọ fíìfíì. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n gypsum ló jẹ́ omi tó há sínú rẹ̀. Títí omi yẹn á fi gbẹ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbóná ju omi híhó lọ.

Nígbà tí ẹ bá wá ń da dẹ́kìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀dù sórí pákó lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi bílọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kéékèèké gbé e sókè kí kọnkéré lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí enjiníà yín sì sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Irin kì í jó, àmọ́ bí ooru rẹ̀ bá ti dé nǹkan bíi 550 sí 600°C, agbára rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ tó bí ìdajì. Kọnkéré abẹ́ rọ́ọ̀dù yẹn ni aṣọ tó wọ̀ sí ooru. Dẹ́kìn orí ṣọ́ọ̀bù yín gbọ́dọ̀ lè dúró fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sórí àwòrán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ro ti ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn ò ṣí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, ẹni 146 kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan pa. Ilé náà ṣì wà. Ní ilé ìgbafẹ́ Cocoanut Grove ní Boston ní ọdún 1942, ẹni 492 kú. Ilẹ̀kùn tó ń yí po ló wà níwájú ilé, èrò há sínú rẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù, òmíràn wà ní títì, òmíràn jẹ́ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fà sínú, bẹ́ẹ̀ èrò tó ń ti ara wọn ò lè fún ẹni iwájú láyè láti fà á. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yín máa ṣí síta. Kí ó jẹ́ irú èyí tí ẹni tó wà nínú lè fọwọ́ yí ṣí láìwá kọ́kọ́rọ́. Àgádágodo lóru lẹ́nu ọ̀nà tí ìdílé mẹ́rin ń gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Olè ń dẹ́rù ba gbogbo wa, mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó lágbára sí ẹni ìta, tó sì rọrùn fún ẹni inú, wà lọ́jà.

Bákan náà ni irin fèrèsé. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán fèrèsé kan gbọ́dọ̀ wà tí èèyàn lè gbà jáde: kí ó fẹ̀ tó 450 mm, kí ó ga tó nǹkan bíi 750 mm, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ju 1,100 mm lọ sí ilẹ̀ yàrá. Bí irin bá máa wà lójú rẹ̀, kí irin náà ní híńjì, kí èèyàn lè fọwọ́ ṣí i láti inú. Láti àjà kejì, èèyàn lè rọra fọwọ́ rọ̀ sójú fèrèsé kó tó já ara rẹ̀ sílẹ̀. Àjà kẹta ga jù fún ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àjà kẹta fi gbójú lé àtẹ̀gùn yẹn ju gbogbo ẹni yòókù lọ. Bí ilẹ̀ yín bá gbà á, àtẹ̀gùn onírin kejì lẹ́yìn ilé kò pọ̀ jù fún wọn.

Ara ìta ilé náà ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò béèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, fíríìjì kan gbaná ní àjà kẹrin ilé Grenfell Tower ní London. Kọnkéré ni ilé alájà 24 náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi páálí alumíníọ̀mù tí ike wà láàárín rẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ níta, iná gba ara rẹ̀ gun òkè, ẹni 72 sì kú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà yín ní páálí ìta ilé tàbí ọ̀ṣọ́ fóòmù, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ike tàbí fóòmù, ẹ dá a padà. Sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà tó láti fi ṣe ilé alájà mẹ́ta lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní ti alarm, ohun tí ẹ ń rà ni ìṣẹ́jú. Smoke detector, ẹ̀rọ tó ń dún bó bá gbọ́ èéfín, kan lójú àtẹ̀gùn ní àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan nítòsí yàrá tí wọ́n ń sùn, ọ̀kan tàbí méjì nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí gbogbo wọn so pọ̀, kí ọ̀kan má lè dún láìjẹ́ pé gbogbo wọn dún. Ẹ̀rọ tó ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa lóru, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lókè, kò jí ẹnikẹ́ni. Àárín sílíìnì ni kí ẹ gbé e kọ́, kó jìnnà sí ògiri tó 300 mm. Irú èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ èéfín ni kí ẹ rà, ó máa ń tètè mọ iná tó ń rú tí kò tíì là. Inú kíṣíìnì nìkan ni kí ẹ ti lo èyí tó ń mọ ooru, torí smoke detector tó bá ń dún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dáná, láìpẹ́ ẹnì kan á yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Fire extinguisher mẹ́fà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó lè ṣe. Kékeré inú wọn kì í tú ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ńlá inú wọn kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan. Iná tó ṣì kéré ló wà fún. Omi tàbí fóòmù dára fún pákó, bébà àti aṣọ. Èyí tí gáàsì CO2 (carbon dioxide) wà nínú rẹ̀ ló dára fún ohun tó ń lo iná mànàmáná. Páúdà ń pa ọ̀pọ̀ irú iná, àmọ́ nínú yàrá tó há, á bo ojú yín pátá débi pé ẹ ò ní rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Òróró tó bá gbaná lórí sítóòfù, ẹ má da omi sí i láé. Lítà omi kan á di nǹkan bíi 1,700 lítà ooru omi lójú ẹsẹ̀, á sì gbé òróró tó ń jó náà fò káàkiri yàrá. Ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ìdérí tàbí aṣọ tí wọ́n ṣe fún pípa iná bò ó, ẹ má ṣí i wò títí á fi tutù. Bí ẹ bá fẹ́ lo extinguisher, kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn yín, kí ẹnì kan ti máa jí àwọn yòókù. Ẹ fa irin kékeré tó há ẹnu rẹ̀ yọ, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe ọwọ́ iná, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Bó bá tán tí iná ò kú, ẹ jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn yẹn dé.

Sprinkler wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bí ọ̀kan bá tú, gbogbo rẹ̀ á tú, tí omi á sì ba gbogbo ilé jẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí Henry Parmalee ti ṣe tiẹ̀ ní ọdún 1874 láti fi dáàbò bo ilé iṣẹ́ dùùrù rẹ̀ ní New Haven ni orí kọ̀ọ̀kan tí omi ń gbà jáde ti máa ń dá ṣí fúnra rẹ̀. Lóde òní, ìgò kékeré kan tí omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀ ló dí ẹnu rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pupa máa ń fọ́ bí ooru bá dé 68°C, orí tó wà lókè iná yẹn gan-an ló sì máa tú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orí kan tàbí méjì ti tó láti mú iná náà kalẹ̀ kó tó di flashover. Ohun tó gbówó lórí ni omi: táńkì tí kò gbọ́dọ̀ gbẹ, pọ́ǹpù tí kò gbọ́dọ̀ sinmi, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Bí ẹ kò bá lè mú èyí dájú, sprinkler tí kò lómi kò sàn ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí ẹ fi ihò páìpù rẹ̀ sílẹ̀ nínú dẹ́kìn nísinsìnyí, kí ẹ dí i pa dáadáa, kí ẹ sì fi àyè táńkì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán. Bí owó bá dé, inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó da kọnkéré, ẹ jókòó ti ayàwòrán àti enjiníà pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n ti tún yà. Ẹ fi ìka yín tọ ọ̀nà láti orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn àjà kẹta, títí dé ìta gbangba. Ní gbogbo ibi tí ìka yín bá gbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: bí ṣọ́ọ̀bù bá ń jó, kí ló wà láàárín ibí yìí àti èéfín rẹ̀? Bó bá ku ibi kan ṣoṣo tí wọn ò lè dá yín lóhùn, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n po kọnkéré.